Ẹ̀sìn Wa àti Èrò Wa Lórí Ọ̀rọ̀ Ìlú

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ OBÌNRIN

Ibi kíkà: Númérì 27:1-11, Jeremáyà 29:4-7, Róòmù 14:1-12

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ ọ̀nà tí ẹ̀sìn ń gbà darí èrò ènìyàn lórí òṣèlú, ibi tí agbára rẹ̀ dé àti ibi tí kò dé; kí a sì lè máa dá sí ọ̀rọ̀ ìlú pẹ̀lú òye, láìba ìfẹ́ jẹ́ nínú ìjọ àti nínú ẹbí.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ariwo tó gba ìlú kan kí a tó dìbò ní ọdún 2023 kò dé etí òun. Olórí ohun tó fa ariwo náà ni pé Bọ́lá Ahmed Tinúbú, tí ẹgbẹ́ APC fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì mú Mùsùlùmí mìíràn, Kashim Shettima láti ìpínlẹ̀ Borno, ṣe igbákejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ CAN, tó kó àwọn ìjọ Onígbàgbọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pọ̀, sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé Onígbàgbọ́ tó bá dìbò fún wọn ti sẹ́ Olúwa rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a fi ẹ̀sìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí dá tẹ̀gbọ́n tàbúrò níjà, ó dé àárín ìyàwó àti ìyá ọkọ, ó sì wọ inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pàápàá.

Nítorí náà, kí ariwo mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, ó dára kí a jókòó, kí a bi ara wa léèrè: ṣé lóòótọ́ ni pé bí a bá ti mọ ẹ̀sìn ẹnìkan, a ti mọ ohun tí yóò sọ lórí ọ̀rọ̀ ìlú? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló fà á? Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kí àwa obìnrin inú ìjọ ṣe?

1. BÍ Ẹ̀SÌN ṢE Ń WỌ INÚ ÈRÒ WA

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bákan náà ni ẹ̀sìn, kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọ inú èrò ènìyàn. A rí ọ̀nà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì.

Ọ̀nà kìíní ni ẹ̀kọ́ tí à ń gbọ́. Ohun tí a bá fi kọ́ ènìyàn láti orí àga ìwàásù, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, yóò hàn nínú ohun tó fẹ́ kí ìjọba ṣe. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìtàn ìjọ tiwa. Ní ọdún 1774, John Wesley tẹ ìwé kékeré kan jáde tó fi bá òwò ẹrú wí gidigidi. Ní oṣù kejì ọdún 1791, nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó kú, ó kọ lẹ́tà sí William Wilberforce, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ó má ṣe rẹ̀ ẹ́ nínú ìjà tó ń bá òwò náà jà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1807, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ẹ̀kọ́ inú ìjọ wà lára ohun tó di òfin ìlú.

Ọ̀nà kejì ni àwọn tí à ń bá jókòó. Obìnrin tó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, sí ìṣọ́ òru, sí ìsìnkú àti ìgbéyàwó pẹ̀lú àwọn ènìyàn kan náà fún ogún ọdún, èrò wọn yóò jọra, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wàásù òṣèlú fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́ àdúrà tiwọn. Ìròyìn tó bá wọ inú ẹgbẹ́ kan kì í sábà dé inú èkejì. Ibẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ apá kan, tí a sì ń dájọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ìbẹ̀rù. Èyí ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 1986 pé ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida ti mú Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ OIC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, àyà ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ já. Wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ sọ gbogbo ìlú di ti Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ní ìbẹ̀rù tiwọn. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá wà. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kò fẹ́ fi ọmọ sílé-ìwé kí wọ́n má baà fi orúkọ Onígbàgbọ́ sọ ọ́, kí wọ́n sì yí i lọ́kàn padà. Èyí wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, kí àwọn náà lè kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Ẹni tó mọ ìbẹ̀rù ara rẹ̀ nìkan kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀.

2. BÍBÉLÌ KAN, ÈRÒ MÉJÌ

Bí ẹ̀sìn bá ń darí èrò báyìí, a lè rò pé gbogbo àwọn tó wà nínú ìjọ kan yóò ní èrò kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìtàn ìjọ wa.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Badagry. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n gba òmìnira ní Sàró tí wọ́n sì padà wá sílé, wà lára àwọn tó bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán oníwàásù sí àwọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1844, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà pín sí méjì. Ohun tó pín wọn ni bíṣọ́ọ̀bù kan ní Georgia, James Andrew, tó ní ẹrú. Àwọn ará àríwá ní kò tọ́ kí bíṣọ́ọ̀bù ní ẹrú. Àwọn ará gúúsù ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, orin kan náà ni wọ́n ń kọ, ìwé Wesley kan náà wà lọ́wọ́ wọn. Ó di ọdún 1939 kí ẹ̀ka méjèèjì tó tún padà di ọ̀kan.

Kí ló pín wọn? Oko òwú ni. Ní gúúsù, iṣẹ́ ẹrú ni ọrọ̀ àwọn olówó dúró lé lórí; ní àríwá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé àti ohun tó ń jẹ ti wọ inú bí ó ṣe ń ka Ìwé Mímọ́.

Títí di òní, irú rẹ̀ ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2016 àti 2020, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ajíhìnrere ló dìbò fún Donald Trump. Ṣùgbọ́n nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Àwọn méjèèjì ń sọ pé Jésù ni Olúwa, àwọn méjèèjì ń ka Bíbélì kárakára. Ohun tí ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan rí nínú ìtàn ìlú náà ni kò dọ́gba. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ èyí dáadáa, nítorí wọ́n máa ń bá àwọn méjèèjì jọ́sìn.

3. ILẸ̀ YORÙBÁ WA Ń KỌ́?

Láti nǹkan bí ọdún 1979 sí 1980, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ David Laitin gbé ní Ilé-Ifẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Ó tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1986. Ohun tó rí ni pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti òṣèlú, ìyàtọ̀ tó wà láàrin Mùsùlùmí Yorùbá àti Onígbàgbọ́ Yorùbá kéré gan-an. Ohun tó ń pín wọn jù ni ìlú baba ẹni: ọmọ Ifẹ̀ ni ọ́ tàbí ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú?

Kò yẹ kí èyí ya àwa lẹ́nu. Agboolé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò ní Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ nínú? À ń jẹ ẹran iléyá wọn, wọ́n ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì wa. Nígbà tí a bá ń sìnkú baba, gbogbo wa la ń dá owó. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ Alhaja kò lè tètè gbà pé ọ̀tá òun ni gbogbo Mùsùlùmí. Àwọn kan tiẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú ti Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n kò rẹ́sẹ̀ dúró. Àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn wà káàkiri nínú Action Group àti NCNC.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìdìbò méjì yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, M.K.O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí ọmọ Ẹ̀gbá, díje lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP. Babagana Kingibe, Mùsùlùmí láti Borno, ni igbákejì rẹ̀. Bashir Tofa, Mùsùlùmí ará Kano, ni wọ́n jọ díje lábẹ́ ẹgbẹ́ NRC, ṣùgbọ́n Onígbàgbọ́ ni igbákejì tirẹ̀, Sylvester Ugoh. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni Onígbàgbọ́ ń wò, ọ̀dọ̀ Tofa ni à bá lọ, nítorí ibẹ̀ ni Onígbàgbọ́ wà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ju mẹ́jọ lọ nínú ìbò mẹ́wàá ni Abíọ́lá gbà. Ó borí ní Plateau, níbi tí Onígbàgbọ́ pọ̀ sí. Ó tún borí Tofa ní Kano, ìlú Tofa. Nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ló jọ jáde sí ìgboro, ìbọn sì pa nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2023, Tinúbú àti Shettima wọlé pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ wo bí ìbò ṣe lọ. Ní Èkìtì àti Oǹdó, níbi tí Onígbàgbọ́ pọ̀ jọjọ, Tinúbú ló borí. Ní Ọ̀ṣun, níbi tí Mùsùlùmí kò kéré rárá, Atiku Abubakar ló fi díẹ̀ borí rẹ̀. Ní Èkó, ìlú tí Tinúbú ti ṣe gómìnà rí, Peter Obi ló fi ìbò tí kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá borí. Ní Kano, ìlú Mùsùlùmí, Rabiu Kwankwaso ló borí, bẹ́ẹ̀ Onígbàgbọ́ ni igbákejì rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Idahosa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sìn nìkan ṣàlàyé ìdìbò yẹn, ìṣirò rẹ̀ kò ní pé.

Àmọ́ a kò ní tan ara wa. A kò sọ pé ẹ̀sìn kò ṣiṣẹ́ rárá ní 2023. Ẹ padà wo Plateau. Abíọ́lá àti Kingibe, Mùsùlùmí méjì, borí níbẹ̀ ní 1993. Ní 2023, Obi ló borí ní Plateau àti ní Nasarawa tí wọ́n gé kúrò lára rẹ̀ ní 1996. Mùsùlùmí méjì kò rí ojú rere níbẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ̀sìn àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló yí padà ni? Rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún méjèèjì ni ìpakúpa tó wáyé ní Jos ní 2001, ní 2008 àti ní 2010, àti ìkọlù lóríṣiríṣi ní àwọn abúlé. Ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ yóò máa fi ẹ̀sìn wọn òṣèlú. A kò lè bá a wí lórí èyí. Ẹkún ló yẹ kí a bá a sun. Ṣùgbọ́n èyí fi hàn wá pé ìbẹ̀rù ló ń sọ ẹ̀sìn di ògiri. Bí àlàáfíà bá wà, ògiri náà kì í ga.

4. IBI TÍ Ẹ̀SÌN TI Ń PÍN WA LÓÒÓTỌ́

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ wà ní àárín wọn, kò sì sí bí èrò kò ṣe ní pín. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé òfin tuntun ní 1977 sí 1978, ìjà ńlá dé lórí bóyá kí ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣojú láti àríwá bínú jáde kúrò ní ìpàdé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò pé kò ní sí ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní tirẹ̀. Laitin tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kíyè sí i pé àwọn Yorùbá, tí ẹ̀sìn méjèèjì wà nínú wọn, kò fi ọ̀rọ̀ náà ya ara wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí sì ran gbogbo ìlú lọ́wọ́ láti rí ibi ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù ní ilé-ìwé náà wà. Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ọ̀ṣun ti fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìwó gbé aṣọ kọ́yà wọ lọ sí kíláàsì láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní 2021, ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní Kwara, wọ́n sì ti àwọn ilé-ìwé kan pa. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ Èkó pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù. Àwa tí a fi ọjọ́ ayé wa kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá ti ilé-ìwé pa nítorí ìjà àgbà, ọmọ Onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí ló jọ pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, kódà lórí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àwọn ẹlẹ́sìn kan náà kì í fohùn ṣọ̀kan. Ẹ rántí Amina Lawal, obìnrin ìpínlẹ̀ Katsina tí ilé-ẹjọ́ Ṣàríà dájọ́ ikú fún ní 2002 pé kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta. Mùsùlùmí ló dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí náà wà lára àwọn tó dìde fún un, Hauwa Ibrahim, agbẹjọ́rò obìnrin, sì wà nínú wọn. Inú òfin Ṣàríà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú àwíjàre wá, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003.

Ọ̀rọ̀ ìbò àwọn obìnrin tún wà níbẹ̀. Nínú ìdìbò ọdún 1959, àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Ìbàdàn dìbò pẹ̀lú àwọn obìnrin Onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ní àríwá, àwọn aláṣẹ kò fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìbò, ẹ̀sìn àti àṣà sì ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ó di ìdìbò 1979 kí àwọn obìnrin ibẹ̀ tó dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Málàmù Aminu Kano, Mùsùlùmí ará Kano pọ́ńbélé, ti ń wàásù tipẹ́ pé Ìsìláàmù kò fi ẹ̀tọ́ du obìnrin. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé "ẹ̀sìn ló wí bẹ́ẹ̀," ó yẹ kí a bi í pé: ẹ̀sìn ni, àbí ẹni tó di ẹ̀sìn mú?

5. OHUN TÓ KAN GBOGBO WA

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú kéde ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ fò sókè fún Alhaja bí ó ti fò sókè fún Ìyá Ìjọ. Omi tí kò yọ, iná tí kò dúró, ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, ọmọ tó jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́: nínú gbogbo wọ̀nyí, ẹnu wa kò yàtọ̀.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ti fi ọ̀nà hàn wá. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tíṣà àti ìyàwó àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ti ní ẹgbẹ́ kan fún àwọn obìnrin tó kàwé, tí wọ́n jẹ́ Onígbàgbọ́. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà láìsan owó tó tọ́ nígbà ogun Hitler, ó ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún wọn. Ní 1946 wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n jọ kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n jọ sùn sí iwájú ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké ìgbà náà fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí wọ́n bá ti pín ara wọn sí ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, owó orí náà kì bá tètè kúrò lọ́rùn wọn.

6. OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Nínú ibi kíkà wa ní Númérì, àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì márùn-ún gbé ọ̀rọ̀ ogún baba wọn wá síwájú Mósè àti gbogbo ìjọ. Wọn kò ní kí ọkùnrin kan bá wọn sọ ọ́. A sì gbọ́ ti wọn, òfin sì yí padà. Nínú Jeremáyà, wòlíì náà kọ̀wé sí àwọn tó wà nígbèkùn ní Bábílónì, láàrin àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, pé kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú náà. Àwa obìnrin Mẹ́tọ́díìsì kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú kò kàn wá. Ìmọ̀ràn wa nìyí:

(a) Bí ẹnìkan bá sọ pé "gbogbo Onígbàgbọ́" tàbí "gbogbo Mùsùlùmí" ló ní irú èrò báyìí, ẹ bi í léèrè: ta ló kà wọ́n? Ibo ni wọ́n ń gbé? Ṣé ẹ̀sìn wọn ló fà á, àbí ìlú wọn, iṣẹ́ wọn, tàbí ohun tí ojú wọn ti rí?

(b) Kí a gbọ́ ti ẹnu ẹnìkejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá ní ìbátan tó jẹ́ Mùsùlùmí, kí a bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí a sì fi sùúrù gbọ́ ọ.

(c) Kí a má ṣe sọ ìpàdé ẹgbẹ́ di ibi ìpolongo ìbò. Arábìnrin tó dìbò sí ibòmíràn kò di kèfèrí. Róòmù orí kẹrìnlá kọ́ wa pé olúkúlùkù yóò jíhìn ara rẹ̀ fún Ọlọ́run.

(d) Olùdíje tó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wá kúnlẹ̀ fún àdúrà, tó tún lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, kí a má jẹ̀ẹ́ kí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tó wa. Kí a bi í nípa omi, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ààbò, àti ẹ̀tọ́ àwọn opó.

(e) Kí olúkúlùkù gba káàdì ìdìbò rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ka. Kò yẹ kí ọkọ, ọmọ, tàbí olórí ẹgbẹ́ yan fún wa. A lè gba ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìbò ẹni ni ìbò ẹni.

(f) Kí a má gbàgbé àwọn ará wa ní Plateau, ní Benue, ní Gúúsù Kaduna, àti àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń jí gbé tí wọ́n sì ń pa ní Zamfara àti Katsina. Ẹkún ìyá kò ní ẹ̀sìn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀sìn wa gbọ́dọ̀ hàn nínú ìbò wa: nínú òtítọ́, nínú àánú fún aláìní, nínú kíkọ ẹ̀bùn owó àti ìrẹsì tí wọ́n fi ń ra ìbò. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Olúwa ṣe okùn tí yóò fi máa fà wá kiri. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀sìn ń gbà wọ inú èrò wa, èwo lẹ rò pé ó lágbára jù ní àdúgbò yín? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

2. Kí ló dé tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà fi pín ní 1844, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà? Ǹjẹ́ ohun kan wà lónìí tí ibùgbé tàbí iṣẹ́ wa kò jẹ́ kí a rí dáadáa?

3. Ẹ fi ìdìbò 1993 àti ti 2023 wé ara wọn ní Plateau. Kí ni èyí kọ́ wa nípa ìbẹ̀rù?

4. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ní ìlú yín ni ẹ lè jọ gbé lọ síwájú ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin Mùsùlùmí?

5. Kí ni ẹ ó sọ fún arábìnrin kan tó ní òun kò ní bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹni tó dìbò fún?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ: Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa bẹ obìnrin kan tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa wò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Kí ó bi í ní ohun mẹ́ta tó fẹ́ kí ìjọba ṣe. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì mú un wá, kí a lè fi wé tiwa.

ÀDÚRÀ: Ọlọ́run àlàáfíà, fún wa ní ọgbọ́n láti mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí ariwo. Tu àwọn tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ nítorí ìjà ẹ̀sìn nínú. Jẹ́ kí a lè fẹ́ràn aládùúgbò wa, yálà ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Fún ilẹ̀ wa ní àwọn olórí tó bẹ̀rù rẹ, tí wọ́n sì ń ṣàánú ènìyàn. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.